Mo gbèjà ara mi, àmọ́ mo tún ta á nípàá nígbà tó ti ṣubú. Ṣé mo jẹ̀bi?

Akẹ́kọ̀ọ́ Káráátè:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bá mi wí.

Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń kọ́ káráátè, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà níta rí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mò ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí ọkùnrin kan tó ti mutí yó ṣàdédé di ọrùn aṣọ mi mú, ó ní kí ni mò ń wo òun fún. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.” Ó fa aṣọ mi títí bọ́tìnì méjì fi já, ló bá ju ẹ̀ṣẹ́ sí mi lójú. Mo fi apá gbà á, mo gbá a lẹ́sẹ̀, ó sì fẹ̀yìn lulẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìró yẹn ṣì wà létí mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ó ti wà nílẹ̀, kò tíì mira rárá, ni mo bá ta á nípàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Egungun ìhà rẹ̀ kan kán. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé ẹni tó mọ káráátè kò yàtọ̀ sí ẹni tó mú ohun ìjà dání. Ṣé òótọ́ ni? Ṣebí òun ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀ṣẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ta ló ní kó wá dì ọ́ mú? Ọkùnrin kan ti tẹ̀ lé èmi náà rí lóru, ẹsẹ̀ mi kò gbé nílẹ̀, ohùn mi kò jáde. Ẹni tí wọn ò dì lọ́rùn mú rí ló ń jókòó sílé ka iye ìgbà tó yẹ kí ẹlòmíì gbá èèyàn. Tó bá dìde ńkọ́? Tó bá ní ọ̀bẹ lápò ńkọ́?

Lọ́yà Àgbà:
Ìyá Ìbejì, òfin pàápàá gbọ́ ohun tí ẹ sọ yìí. Nínú ẹjọ́ Palmer ní 1971, àwọn adájọ́ Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ilẹ̀ kan tó wà lábẹ́ Britain rí, sọ pé ẹni tó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kò lè gbé agbára tó máa lò sórí òṣùwọ̀n kó wọ̀n ọ́n géérégé. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, wọ́n sì mọ̀ pé kò ráyè ronú.

Àmọ́ ìgbà tí ewu ṣì ń bẹ ni wọ́n ń sọ. Abala 286 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà gbà pé ẹni tí wọ́n kọlù láìtọ́, tí kò sì fa ìjà lẹ́sẹ̀, lè lo agbára tó bá pọndandan láti gba ara rẹ̀, bí agbára náà kò bá ti jẹ́ irú èyí tó lè pa èèyàn tàbí kó ṣe é léṣe gan-an. Bí ó bá ní ìdí gidi láti bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ pa òun tàbí ṣe òun léṣe gan-an, àyè rẹ̀ tún fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ “pọndandan” yẹn ni gbogbo ẹjọ́ ń dá lé lórí.

Nítorí náà, àbúrò, ohun méjì lo ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, má pa wọ́n pọ̀. O gba ẹ̀ṣẹ́, o sì gbá a ṣubú: mo lè dúró níwájú adájọ́ kí n gbèjà ìyẹn láìfòyà. Ìpá tí o ta á nígbà tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo ń dènà nígbà yẹn. Ká ní ó ń dìde bọ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ tí Ìyá Ìbejì ń sọ, ìdáhùn wà. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé kò mira.

Ní ti ọ̀rọ̀ ohun ìjà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà gbọ́ pé oníkáráátè gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba bí ẹni tó ní ohun ìjà. Ibi tí mo mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ni Guam, erékùṣù Amẹ́ríkà kan ní òkun Pacific. Síbẹ̀, adájọ́ lè ro ti ẹ̀kọ́ rẹ mọ́ ọn: ẹni tó kọ́ṣẹ́ mọ ibi tí ìpá rẹ̀ ń balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yín. Egungun ìhà máa ń san. Orí ló ń bà mí lẹ́rù! Ṣé orí rẹ̀ kan ilẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun sínú agbárí díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí tàbí ọjọ́ púpọ̀. Bó bá ń bì, bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, bí ó bá ń sùn tí kò sì ṣeé jí, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó mutí ló léwu jù, torí àwọn ará ilé á rò pé ọtí ló ń dà á láàmú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Káráátè:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ bóyá orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n báyìí. Ṣé kí n pè wọ́n?

Lọ́yà Àgbà:
Kí ẹlòmíì pè wọ́n fún ọ nísinsìnyí, kó sọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, kó má fi nǹkan kan kún un. Ẹ̀mí ló ṣáájú ẹjọ́.

Olùkọ́ Júdò:
Mo ti ń kọ́ni láti 1998. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi, pé ilẹ̀ le ju ẹ̀ṣẹ́ lọ. Ní 1981, ọkùnrin ará Britain kan tó ń gbé ní Japan, tó ní ìpele kẹta bẹ́líìtì dúdú nínú káráátè, rí ọkùnrin kan pẹ̀lú obìnrin tó ti mutí. Obìnrin náà ṣubú, ó ní kó gba òun. Ọkùnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀, tí kò lu ẹnikẹ́ni, di ẹ̀ṣẹ́ sókè, oníkáráátè rò pé ó fẹ́ lu òun, ó sì fẹsẹ̀ gbá a lójú. Ó ṣubú, agbárí rẹ̀ fọ́, ó sì kú ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá oníkáráátè sílẹ̀, ti òkè rẹ̀ yí i padà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fọwọ́ sí i ní 1987: ká tiẹ̀ ní lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ lù ú bó ṣe rò, ohun tó ṣe ti pọ̀ jù. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti oṣù 6 ni wọ́n dá fún un, àmọ́ wọ́n dá ẹ̀wọ̀n náà dúró fún ọdún 3, pé kò ní lọ bí kò bá tún dẹ́ṣẹ̀. Ìpá kan ṣoṣo ni o!

Àbúrò, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ní ibi tí o ti ń kọ́ṣẹ́, bí ẹ bá gbá ẹnìkejì ṣubú, kí ni ẹ máa ń ṣe tẹ̀ lé e?

Akẹ́kọ̀ọ́ Káráátè:
A máa ń lù ú mọ́lẹ̀ kó tó lè dìde. Bí a ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Olúwa mi o.

Olùkọ́ Júdò:
Mo fura bẹ́ẹ̀. Gichin Funakoshi, tó mú káráátè láti Okinawa wá sí Tokyo ní 1922, kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kò sí ìkọlù àkọ́kọ́ nínú káráátè, gbogbo wa la sì ń tún un sọ. Àwa olùkọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní ibi tó yẹ kó dúró. Ìpá rẹ yẹn, àwa náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ ni wàá dáhùn fún un. Lọ́dọ̀ mi báyìí, bí ẹnìkejì bá ti ṣubú, ẹni tó dá a gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ 2, kó na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, kó ké pé “Ó tó!”, kó wo ọ̀tún wo òsì. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sú wọn. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fò ó.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, mo gba èyí. Èèyàn tún lè ti ibẹ̀ sá lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Káráátè:
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti pè wọ́n. Wọ́n ní ó bì lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọtí ni wọ́n rò pé ó fà á. Wọ́n ti gbé e lọ ya àwòrán orí, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Mo ti rí lọ́yà kan tí màá lọ bá láago 10 òwúrọ̀ ọ̀la. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ ti ìpá yẹn fún un?

Lọ́yà Àgbà:
Òun ni kó o kọ́kọ́ sọ. Kámẹ́rà lè wà níbẹ̀, ẹlẹ́rìí sì lè wà. Bí o bá fi í pa mọ́ tó wá jáde lẹ́yìn, wọn ò ní gba ìyókù tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Má kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá láìsí lọ́yà rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, má sì pa irọ́ kankan. Aṣọ tó fà ya yẹn, má fọ̀ ọ́ o, mú un dání lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Káráátè:
Ìyá mi ti fọ̀ ọ́ láná. Àmọ́ ibi tí bọ́tìnì ti já ṣì ya síbẹ̀, bọ́tìnì kan sì wà lápò ṣòkòtò mi.