Kí ló dé tí Hárúnà inú àwo bàbá mi fi yàtọ̀ sí Hárúnà orí fóònù?

Ìbéèrè: Ọmọ Bàbá Aláwo, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, mo sì fẹ́ gbọ́ tẹnu yín kí n tó lọ náwó síbi tí kò yẹ.

Àpótí àwo orin méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Élípíì, ìyẹn àwo ńlá, ti Hárúnà Ìṣọ̀lá àti ti Àyìnlá Ọmọwúrà, àwọn olórin àpàlà, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn àwo kékeré I. K. Dáíró náà wà, mẹ́fà sì tún wà tó nípọn, tó wúwo, tí wọ́n kọ 78 sí lára, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Giramafóònù tiwọn ti bàjẹ́ tipẹ́, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi tó ń gbé ní Houston fi fi tòkunbọ̀ kan ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, pẹ̀lú áńpìlífáyà àti sípíkà méjì. Iná 110 fóòtì ni gbogbo wọn ń lò, mo sì ti ra ẹ̀rọ tó ń sọ 220 di 110 fún wọn.

Nígbà tí mo gbé àwo Hárúnà àkọ́kọ́ lé e, ohùn rẹ̀ wúwo bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun, ìlù sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Màmá mi wà ní pálọ̀. Wọ́n ti jókòó létí agbo Hárúnà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọ́n sì bi mí pé, "Ta nìyí? Hárúnà kọ́ nìyí." Orin yìí kan náà wà lórí fóònù mi, ẹnìkan ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ohùn ti ibẹ̀ tín-ín-rín, ó ń kánjú, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ń dún bí ìgbà tí omi bá ń dà sórí páànù. Mo tún ní síídì kan tí wọ́n kó àwọn orin náà jọ sí. Kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílù kò hàn níbẹ̀. Èèyàn kàn ń gbọ́ pé wọ́n ń lù ni. Ohùn mẹ́ta fún ẹnì kan ṣoṣo. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn?

Ẹni tó bá mi so wáyà ní kí n ta gbogbo rẹ̀, kí n fi owó kún un, kí n ra sípíkà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀rọ mi ló burú ni, àbí bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Onísípíkà, Ìkẹjà

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ẹ wo ẹ̀yìn áńpìlífáyà yín bóyá ihò tí wọ́n kọ PHONO sí ni wáyà giramafóònù wọ̀. Bó bá jẹ́ AUX, ihò fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn, ni, ohùn á kéré, kò sì ní ní ohùn ìsàlẹ̀ rárá, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n á sì fi kún tòkè. Láti 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìlànà kan náà ṣe èyí, ihò PHONO ló sì mọ bí a ṣe ń dá a padà sí bó ṣe yẹ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún máa ń wà lára giramafóònù tí kò ní orí bíi ti àwọn yòókù. Ẹ dè é mọ́ ibi tí wọ́n kọ GND sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa gbọ́ ìkùn "hùùù" lábẹ́ orin.

Ìdáhùn: Bàbá Olóhùn, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, àṣẹ̀yìndè á dára. Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí ìyá rẹ sọ yẹn ló sì ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo àlàyé rẹ. Sípíkà tó burú lè mú kí ohùn há tàbí kí ó fọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú kí akọrin máa falẹ̀. Àwo rẹ ni kò yí bó ṣe yẹ.

Wo ìdí rẹ̀. Kì í ṣe fóòtì nìkan ni iná Amẹ́ríkà fi yàtọ̀ sí tiwa. Iná tiwọn ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa jẹ́ ìgbà 50. Ẹ̀rọ tí o rà yẹn sọ 220 di 110 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan 50. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ giramafóònù àtijọ́ ló jẹ́ pé ìlọ-bọ̀ iná yìí gan-an ni mọ́tò wọn fi ń mọ eré tó yẹ kí ó sá. Àwo tó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan á wá máa yí ní nǹkan bí ìgbà 28. Ohùn akọrin á sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá sún ìka sẹ́yìn ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lórí dùùrù, àti funfun àti dúdú ni mo kà pọ̀. Ojú àwo tó yẹ kí ó parí ní ìṣẹ́jú 20 á sì gba ìṣẹ́jú 24.

Má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ bẹ́ẹ̀. Gé bébà kékeré kan, fi lé etí àwo kí ó yọ síta díẹ̀, gbé abẹ́rẹ́ lé àwo kí orin máa lọ, kí o wá wo aago, kí o ka iye ìgbà tí bébà náà kọjá níwájú rẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Iná Nẹ́pà ni kí o fi ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan. Bí fíríìjì bá gba iná lójijì, á relẹ̀, orin náà á sì bá a relẹ̀.

Ọmọ Bàbá Aláwo

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á: 28, 28, 27 àti ààbọ̀. Inú ihò PHONO ni wáyà wà, mo sì ti de èyí tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ìkùn yẹn ti lọ. Kí ni ṣíṣe sí ti ìyípo yìí? Ṣé ti orí fóònù ló wá tọ̀nà nìyẹn?

Bàbá Olóhùn

Ti fóònù náà kò tọ̀nà. Ó jọ pé inú kásẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó kọ́kọ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ti dà á kọ, tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì kì í rìn ju sẹ̀ǹtímítà 4.76 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ lára mọ́tò tó láti sọ ohùn àgbà di ti ọ̀dọ́. Ọ̀kan nínú àwọn Hárúnà rẹ ń sùn, èkejì ń sáré.

Ní ti giramafóònù, gbé pẹpẹ tí àwo ń jókòó lé kúrò, kí o wo ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà ló ń yí i, wàá rí irin kékeré róbótó lórí mọ́tò tí rọ́bà náà kọ́. Ti iná 50 máa ń nípọn ju ti iná 60 lọ, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sì sábà máa ń ṣe méjèèjì. Kí àbúrò rẹ bá ọ wá ti 50. Owó rẹ̀ kò lè tó ti sípíkà. Kí ó tó dé, wá ínfátà tó ní ibi tí a ti ń yan 50 tàbí 60. Yan 60, kí o so giramafóònù nìkan mọ́ ọn nípasẹ̀ ẹ̀rọ 110 rẹ. Kí ínfátà náà jẹ́ irú èyí tí iná rẹ̀ jọ ti Nẹ́pà, nítorí iná àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń wọ inú orin bíi kòkòrò.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, London

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti síídì, nítorí pé ó ń dùn mí. Àwọn kan máa ń sọ pé àwo dára ju síídì lọ pátápátá. Mi ò gbà. Láti 1982 tí síídì ti dé ọjà, àlàfo tó lè gbé láàárín ohùn jẹ́jẹ́ àti ohùn líle pọ̀ ju ti àwo lọ dáadáa. Ohun tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Nígbà tí ojúlówó téèpù sítúdíò bá ti sọnù tàbí tó ti jẹrà, inú àwo tí wọ́n ti lò rí ni wọ́n ti máa ń gba orin àtijọ́ sórí síídì. Wọ́n á fi kọ̀ǹpútà yọ ariwo abẹ́rẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n ibi gíga kan náà tí ariwo yẹn wà ni ìró àtẹ́lẹwọ́ lójú awọ wà pẹ̀lú, ẹ̀rọ tó ń gbá ọ̀kan lọ kì í fi èkejì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ohun gbogbo sókè títí jẹ́jẹ́ àti líle á fi di ọgbọọgba. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ ìlù tí ẹ kò rí ọwọ́ onílù.

Ti WhatsApp tún burú jù. Síídì ń gbé ìsọfúnni ohùn tó tó 1,411 kílóbíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ MP3, ìyẹn fáìlì orin tí wọ́n ti fún pọ̀, tó ń lọ káàkiri jẹ́ 128, ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ fara gbá a, nítorí pé ìró rẹ̀ kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìró wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń gé dànù láti dín ẹrù kù.

Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ tó wúwo kò bá tíì jẹ inú àwo bàbá yín, òun ló sún mọ́ sítúdíò jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí pé gbogbo wọn á dún bákan náà. Hárúnà tó ṣe àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo HMV ní 1948 àti Hárúnà tó dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìparí àwọn ọdún 1970, tó ní ojú téèpù 24 tí a lè gba ìlù kọ̀ọ̀kan sí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò lo irinṣẹ́ kan náà rárá. Ẹ tún kíyè sí i pé orin àpàlà máa ń gùn, ó lè gba ojú àwo kan láìdúró. Ní etí àwo, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítòsí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín àwo, kò ju nǹkan bí 21 lọ. Ohùn tó gbòòrò ní ìbẹ̀rẹ̀ lè há ní ìparí, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀rọ yín.

Onísípíkà

Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ élípíì gbọ́ àwọn àwo 78 yẹn. Ojú ọ̀nà inú wọn fẹ̀ ju ti élípíì lọ dáadáa; abẹ́rẹ́ kékeré á kàn máa họ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni. Abẹ́rẹ́ tiwọn wà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fọ̀ wọ́n, ẹ má fi ọtí sípíríìtì kàn wọ́n, torí pé ó ń jẹ ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Omi tó mọ́ àti aṣọ múlọ́múlọ́ tó.

Ọmọ Bàbá Aláwo

Mo ti yá ínfátà aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa, mo sì yan 60. Mo ka bébà náà: ó lé díẹ̀ ní 33. Mo gbé àwo kan náà lé e láìsọ nǹkan kan fún Màmá. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Nígbà tí Hárúnà gbohùn sókè, ọwọ́ wọn dúró nínú àtẹ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn elégbè gbè é, ọ̀rọ̀ kan kò yingin. Nígbà tí orin dé ìdí bébà àárín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ há díẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe wí, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ti kan awọ àti ibi tí ìka ti kàn án.

Àbúrò mi ti ń wá irin mọ́tò náà. Mi ò ta sípíkà mọ́. Abẹ́rẹ́ fún àwo 78 ló kù. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kí ó jọ̀wọ́ fi tó mi létí.