Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta: níbo ló dára fún ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́?

Ará_Ṣómólú:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú náà dáadáa. Orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ mi. New York ni iléeṣẹ́ wà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwọn ni mo fi ń ṣiṣẹ́, ìpàdé orí fídíò sì máa ń tó wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Onílé mi ní Ṣómólú l'Ékòó ti fowó kún owó ilé, mo wá ń wo Abẹ́òkúta. Ìbàdàn náà wà lọ́kàn mi. Pé owó ilé wálẹ̀ níbẹ̀, mo ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, omi, àti ohun tó máa ń jẹ owó téèyàn rò pé òun fi pamọ́. Tí mo bá kó kúrò, màá ṣì máa dé Èkó bí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Oníná_Àsẹ́rò:

Ẹ káàbọ̀. Aago iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi wá ilé, kẹ́ ẹ tó bèèrè àdúgbò. Láti March sí ìbẹ̀rẹ̀ November, aago mẹ́sàn-án New York jẹ́ aago méjì ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, ẹ óò sì parí ní mẹ́wàá alẹ́. Láwọn oṣù yòókù, mẹ́ta ọ̀sán sí mọ́kànlá alẹ́ ni. Tí ejẹ́ǹtì bá ní "iná wà níbí dáadáa," ẹ bi í pé: láti aago méjì ọ̀sán sí mọ́kànlá alẹ́ ńkọ́? Iná tó ń dé lóru wúlò fún fífa omi àti fún bátìrì, kò wúlò fún ìpàdé.

IBEDC ló ń pín iná fún Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, nítorí náà fídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí àdúgbò, ni kẹ́ ẹ máa wò. Wọ́n pín fídà sí ìpele tí wọ́n ń pè ní band: ó kéré tán, Band A gbọ́dọ̀ ní iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Fídà ló ni band, àdúgbò kọ́: òpópónà méjì tó dojú kọra lè wà lórí fídà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń gbé inú ilé náà lọ́wọ́ fi rìsíìtì iná tó rà gbẹ̀yìn hàn yín. Ẹ fi 1.075 pín owó tó san kí VAT lè kúrò, kẹ́ ẹ wá fi iye yúníìtì pín èyí tó kù. Iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan nìyẹn, ó sì máa tú àṣírí ẹni tó ń purọ́ band.

Band A náà ní ìnira tirẹ̀. Ní April 2024 wọ́n gbé e dé ₦225 fún yúníìtì kan. Ní July ọdún yẹn ó wà ní ₦209.50. Ẹ́síì kékeré kan tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò iṣẹ́ yín lè jẹ yúníìtì márùn-ún lójúmọ́. Ẹ fi ₦209.50 ṣírò rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó lé ní ₦31,000. Ibẹ̀ ni owó ilé tó dín kù máa ń gbà jáde.

Inverter: láàpútọ́ọ̀pù 60W, skíríìnì kejì 25W, ráútà 10W, gílóòbù 10W, fáànù DC 25W, àpapọ̀ 130W. Fún wákàtí mẹ́sàn-án, 1,170Wh (wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀). Inverter náà máa ń jẹ tirẹ̀, ẹ kà á sí 1,400Wh. Bátìrì tubular (oní-ásíìdì) 12V 220Ah kan ní 2,640Wh, ṣùgbọ́n ìdajì ló yẹ kéèyàn lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 1,320Wh. Kò tó. Bátìrì lithium 25.6V 100Ah ní 2,560Wh, ẹ lè lo 80% rẹ̀, ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Inverter 24V ni kẹ́ ẹ bá a rà. Ohun tó sábà máa ń pa tubular ni àìkún: ó ń fẹ́ bíi wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá kó tó gba iná tán, lórí fídà Band D kì í kún. Níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi sólà kún un. Páńẹ́ẹ̀lì 550W kan tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti July dé September tí ìkùukùu ń bo ojú ọ̀run, méjì ni.

Síìmù_Méjì:

Ẹ̀gbọ́n Oníná ti sọ ti iná tán. Ní ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àpáta àti òkè ló ń dà á rú ní Abẹ́òkúta. Ilé tó wà ní kòtò, tí òkè wà láàárín òun àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lè máà gba nǹkan kan, kí ilé tó wà lókè rẹ̀ sì máa gbà á geerege. Má gbára lé ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ nípa Ìbarà tàbí Ọbańtokò lápapọ̀. Mú síìmù iléeṣẹ́ méjì dání, wọ inú yàrá tí wàá fi ṣiṣẹ́, ti ilẹ̀kùn, kí o dán an wò ní aago méjì ọ̀sán àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ti alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò ń wo fídíò. Wo upload (ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ rẹ) ju download (ohun tó ń wọlé) lọ: tí kò bá tó 3 Mbps, ohùn rẹ yóò máa já. Béèrè pẹ̀lú bóyá orí òpó kan náà ni síìmù méjèèjì wà. Tí dísẹ́ẹ̀lì bá tán lórí òpó yẹn, wọn óò jọ lọ ni, kò sì sí àǹfààní nínú síìmù méjì mọ́.

Ìpàdé fídíò ẹlẹ́ni púpọ̀ ń jẹ bíi 1GB sí 1.5GB ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́ta fún ọjọ́ méjìlélógún jẹ́ 66GB sí 99GB, kó o tó ṣí ohun mìíràn. Láti January 2025 tí NCC, àjọ tó ń bójú tó iléeṣẹ́ tẹlifóònù, ti fọwọ́ sí àfikún owó tó tó 50%, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré mọ́; pípa kámẹ́rà nígbà tí wọn ò bá nílò rẹ̀ ń dín in kù gan-an. Tó o bá ń ro Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ ló ń fẹ́, igi máńgòrò kan lè bà á jẹ́. Awo ńlá rẹ̀ ń jẹ 75W sí 100W, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ìṣirò bátìrì òkè yẹn di ìlọ́po méjì. Awo kékeré rẹ̀, Mini, ń jẹ bíi 25W sí 40W, òun ló bá inverter kékeré mu.

Ìyá_Kútọ̀:

Ọmọ mi, omi ni kó o wò kó o tó sanwó. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, kò dà bí iyanrìn Èkó. Gbígbẹ́ bọ́hòòlù le, ó sì wọ́n, kànga mìíràn á kún dẹ́múdẹ́mú ní September kó gbẹ ní February. Tó o bá wá wo ilé nígbà òjò, bi àwọn tó ń tajà ní iwájú òpópónà pé ta ló ń ra omi táńkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Má bi ejẹ́ǹtì. Wò bóyá táǹkì wà lókè, àti bóyá ẹ̀rọ tó ń fa omi wà lórí mítà gbogbogbòò tàbí lórí mítà ẹnì kan, nítorí ìjà ibẹ̀ kì í tán.

Etí odò pẹ̀lú. Ní apá Láfẹ́ńwá àti lẹ́bàá Ṣókorí, omi máa ń kún, nígbà tí wọ́n bá sì tú omi ìdídò (dam) Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn á gbé e wá. Wo ara ògiri ilé ìsàlẹ̀ bóyá àmì omi wà níbẹ̀.

Owó ọdún àkọ́kọ́ ga ju owó ilé lọ. Ká ní ₦600,000 ni ilé: ejẹ́ǹtì 10%, àgírímẹ́ǹtì 10%, kọ́ṣọ̀n bíi ₦50,000, ó di ₦770,000. Ní ẹ̀gbẹ́ Camp àti ọ̀nà Alábàtà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUNAAB ló ń mú owó ilé gòkè nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀. Wá ilé nígbà tí wọ́n bá wà ní ìsinmi. Oúnjẹ ò ní fún ọ ní ìyọnu, láfún àti ìrẹsì ọ̀fadà wà ní Kútọ̀.

Ará_Ṣómólú:

Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Ó ku ìrìn Èkó àti owó orí. Ṣé kíkó kúrò l'Ékòó yóò yí i padà?

Ọmọ_Òkè_Mosàn:

Ọkọ̀ Èkó wà ní Kútọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà: ti Ìfọ̀ àti Sángo, àti ti Kóbapẹ́, Siun dé Ṣàgámù, kó o tó bọ́ sí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìkejì gùn jù, ṣùgbọ́n òun ló yẹ ẹni tó ń lọ apá Bérgà. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní June 2021 ń dúró ní Laderin ní Abẹ́òkúta, ó sì ń dúró ní Agége kó tó dé Alágomejì, èyí tó sún mọ́ Ṣómólú tìrẹ. Laderin jìnnà sí àárín ìlú, fi owó ọkọ̀ ibẹ̀ kún un. Ọkọ̀ ojú irin ò pọ̀ lójúmọ́, nítorí náà má fojú sí pé wàá lọ láàárọ̀ kó o padà dé kó tó di aago méjì. Gbé láàpútọ́ọ̀pù dání, kó o ṣiṣẹ́ l'Ékòó lọ́jọ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ pé ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń jókòó ṣiṣẹ́ pọ̀ lo fẹ́, Ìbàdàn tóbi jù, ó sàn jù. Tó bá jẹ́ Èkó lò ń lọ léraléra, Abẹ́òkúta ni kó o gbé, nítorí Mọníyà ni rélùwéè ti Ìbàdàn wà, ó sì jìnnà gan-an sí Èkó ju Laderin lọ.

Owó orí: òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026 kò bèèrè ìlú, iye kan náà ni jákèjádò. ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e jẹ́ 15%, ₦9,000,000 tó tẹ̀lé ìyẹn 18%. Ohun tó yí padà ni ìjọba tó ń gbà á: OGIRS (agbowó orí ìpínlẹ̀ Ògùn) ni wàá máa bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe LIRS (ti Èkó) mọ́. Wọ́n tún máa ń yọ 20% owó ilé rẹ kúrò nínú owó tí wọ́n fẹ́ bu owó orí lé, kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Lórí ilé ₦600,000, ìyẹn jẹ́ ₦120,000. Gba rìsíìtì tó ní orúkọ rẹ, àdírẹ́sì ilé àti déètì lọ́wọ́ onílé fúnra rẹ̀.