Bàbá fẹ́ lọ Ìkògòsì pẹ̀lú síkútà oníbátìrì: níbo la ó gbé ọkọ̀ sí?

Àbíkẹ́yìn, Adó-Èkìtì
Èkìtì kete o! Bàbá wa ń pé ọgọ́rin ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ pátì, Ìkògòsì làwọn fẹ́ lọ. Orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní London ti fi síkútà oníbátìrì ránṣẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní àga. Wọ́n lè dìde, wọ́n lè fi ọ̀pá rìn díẹ̀, àmọ́ kò lè jìnnà. Níbi ìgbafẹ́ kan tá a lọ lọ́dún tó kọjá, òpin páàkì ni wọ́n ní ká gbé Sienna wa sí, lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọmọ ẹnu géètì ní, "Bàbá yìí ṣáà ń dìde, kí ni wọ́n fẹ́ fi àyè iwájú ṣe?" Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ní ká máa lọ ilé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ọmọ Ìjerò
Ẹ kú oríire Bàbá. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ní tààrà: "Ṣé ọkọ̀ lè wọlé já àgbàlagbà sílẹ̀, kó tó padà lọ páàkì?" Ẹ gba orúkọ ẹni tó bá dá yín lóhùn. Ẹ tún rántí pé ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ìsàlẹ̀ ló wà. Sísọ̀kalẹ̀ rọrùn, gígòkè padà ni kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́
Ẹ̀yin ń wá ibi tó sún mọ́ géètì, èmi àyè ẹ̀yìn bútù ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Irú síkútà yìí ni Bàbá Ìbejì ń lò. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ sẹ́yìn yín, ó parí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa sọ ọ́ kalẹ̀. Èmi máa ń wá ìgun, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjú sí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo máa ń gbé àga pílásítíìkì kan síbẹ̀ kí wèrè kankan má bàa gba àyè yẹn. Ìyá onípúpúrú kan pariwo mọ́ mi nítorí àga yẹn rí, mo kí i, mo sì jókòó lé e.

Kò-sí-wàhálà
Ẹ pọ̀n wọ́n kẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ò tán ní Èkìtì.

Àbíkẹ́yìn, Adó-Èkìtì
@Kò-sí-wàhálà, ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ lójú Bàbá, kẹ́ ẹ wá gba èsì yín.

Dẹ́rẹ́bà Àràmọ̀kọ̀
Mo máa ń gba Erìjìyàn gbé èrò lọ ibẹ̀. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: ọwọ́ kékeré kan wà lápá ẹ̀yìn síkútà, òun ni wọ́n ń yí tí wọ́n bá fẹ́ fọwọ́ tì í. Tẹ́ ẹ bá ti yí i, búréèkì ò sí mọ́. Tó bá wà ní ipò rẹ̀, tí Bàbá bá ti jọ̀wọ́ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí síkútà lè rìn, á dúró fúnra rẹ̀. Ẹ má yí i lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láé. Ibi tẹ́ ẹ bá páàkì gbọ́dọ̀ tẹ́jú kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sì fi bátìrì sí iná mọ́jú. Tí NEPA ò bá sí, ẹ tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Orlando
Àwọn ọgbà ìṣeré ńlá ńlá tó wà lọ́dọ̀ wa níbí, irú Disney World, ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n síkútà kọ́ ni wọ́n ń wò, káàdì tí ìjọba ń fún àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí wọ́n fi ń kọ́ sára dígí iwájú ọkọ̀, ni. Owó páàkì tí gbogbo èèyàn ń san náà lẹ máa san. Síkútà tí wọ́n ń yá èèyàn nínú ọgbà kì í jáde géètì, torí náà àárín ọkọ̀ àti géètì ni ìyà wà. Òfin ìjọba ni kí ilẹ̀ òfìfo tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè yẹn, wọ́n á fa ìlà sí i, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ páàkì síbẹ̀. Ohun tí Ìyá Ìbejì ń fi àga ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ sì sọ fún ọmọ géètì yẹn pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní káàdì níbí ló lè dìde. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n.

Lọ́yà Ìkọ̀lé
Òfin wà ní Nàìjíríà náà. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, sọ pé kí páàkì ìta gbangba ní àyè tí wọ́n sàmì sí fún wọn. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní àmì lára. Ẹ tẹ àwòrán kẹ̀kẹ́ arọ sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí. Kì í ṣe káàdì ìjọba o, àmọ́ ó máa ń dín àríyànjiyàn kù.

Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín dé Àrìnta, ibi tí omi ti ń dà láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò, lọ́jọ́ kan náà o. Àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn, Adó-Èkìtì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn bútù, síkútà á wọlé tá a bá ká àga ẹ̀yìn. Pákó tá a máa fi sọ ọ́ kalẹ̀ látinú bútù ló kù. Ta ló mọ káfíńtà tó gbóná ní Adó?

Dẹ́rẹ́bà Àràmọ̀kọ̀
Pákó méjì, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mẹ́fà, kó nípọn. Bàbá ò gbọdọ̀ gùn ún lórí pákó o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ sọ̀kalẹ̀ láìyí ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn. Ẹ pè mí ní inbox.