Ìgò omi àti òtútù àyà ọmọdé: ohun tí ojú wa ti rí lórí bubble CPAP

Onímọ̀ ẹ̀rọ ilé ìwòsàn:
Bubble CPAP ni ọ̀nà tí a fi ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí kò lè mí dáadáa, láìlo ẹ̀rọ ńlá. Ọ̀pá méjì ni. Ọ̀kan ń gbé ọ́síjìn wá sí imú ọmọ, ìkejì ń kó èémí rẹ̀ lọ sínú ìgò omi. Bí ẹnu ìkejì bá ri sínú omi ní sẹ̀ǹtímítà 5, omi yẹn á máa ti èémí padà díẹ̀, kò ní jẹ́ kí àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ mọ́ra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 5, kí ẹ sì fàlà sára ìgò, torí omi ń gbẹ. Níbi tí rọ́bà bá ti tẹ̀, ìrì èémí á gbára jọ, á dí ọ̀nà: ẹ máa dà á nù. Ẹ má dé ìgò pa láéláé! Afẹ́fẹ́ tí kò ríbi jáde lè bẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Bí omi kò bá hó mọ́, ẹ yọ ọ̀pá nímú ọmọ, kí ẹ fìka dí i fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá hó, ọ̀dọ̀ ọmọ ló ti ń jò: bóyá ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, bóyá ọ̀pá imú kéré jù. Bí kò bá hó, ẹ tọ rọ́bà dé ìdí ọ́síjìn. Ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ kún ihò imú, àmọ́ kó má tẹ awọ tó pín imú sí méjì, egbò ni yóò dá síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ á tún máa wọ ikùn ọmọ. Ẹ ti rọ́bà gba ẹnu dé ikùn, kí ẹ ṣí i sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikùn á wú, ọmọ á bì, èébì á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Dókítà ọmọdé:
Ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh, ìgò ṣampú ni wọ́n lò. Láàárín 2011 sí 2013, nínú ọmọ 79 tó gba ìtọ́jú yìí, 3 kú. Nínú 67 tó gba ọ́síjìn díẹ̀díẹ̀ lásán, 10 kú. Ní Salima ní Malawi, níbi tí dókítà kì í ti í yẹ wọ́n wò lójoojúmọ́, 53 kú nínú 321, nígbà tí 35 kú nínú 323 tó gba ọ́síjìn lásán. Ọgbọ́n kan náà ni o. Lójú tèmi, wọ́ọ̀dù tí kò ní ẹni tí yóò ṣọ́ ọmọ mọ́jú kò gbọdọ̀ dáwọ́ lé e.

Bí èémí tó ń sáré bá ṣàdédé lọ́ra, tí ọmọ ń tòògbé, ẹ má sọ pé ara ti tù ú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ pe dókítà kí ẹ tó kọ ọ́ sínú ìwé.