A ti dé láti Wyoming: ìdáhùn sí ìbéèrè mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìdúró o. Mo bi yín bóyá ẹni tí kò gun ẹṣin rí lè lọ lo ọ̀sẹ̀ kan nígbà ooru ní oko màlúù tó ń gba àlejò, lẹ́bàá òkè Bighorn ní Wyoming, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. A ti lọ, a ti bọ̀. Ó ṣeé ṣe, ó sì dùn gan-an.

Ẹni tó ní kí n ra bàtà onígìgísẹ̀, ẹ ṣeun o. Gìgísẹ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀ wọnú irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì.

Iṣẹ́ màlúù gan-an ló wú mi lórí. Wọ́n ń kó wọn gòkè lọ síbi tí koríko tútù wà, láìsí ariwo rárá. Èjìká màlúù ni kí ẹ máa wò: tí ẹṣin yín bá wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀, á rìn síwájú, tí ẹ bá kọjá èjìká, á dúró tàbí kó yí padà. Abo kan kọ̀ láti sọdá odò, torí ọmọ rẹ̀ ṣì ń ké lẹ́yìn. Ọ̀gá wa ní ká dúró jẹ́ẹ́. Bí ọmọ ṣe dé ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ báyìí, àwọn méjèèjì jọ wọ omi.

Fún ẹni tó béèrè nípa òtútù, ẹ mú súwẹ́tà dání. Cloud Peak, ṣóńṣó òkè tó wà níbẹ̀, ga ju 4,000 mítà lọ. Òwúrọ̀ máa ń tutù kódà nínú oṣù Keje.

Mo ti rí ìdáhùn mi, ẹ jẹ́ ká pa á dé síbí. Ẹ ṣé gan-an ni.