Freeform Pen ń da nóòdù bo àwòrán Ẹ̀yọ̀ mi, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yọ̀ Lábà ni mo ń yà sẹ́yìn tí-ṣáàtì: akẹtẹ̀ pupa, agbádá funfun, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Freeform Pen inú Photoshop, irinṣẹ́ tó ń fa ìlà bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ, ni mo fi ń tọ etí fọ́tò náà, máòsì lásán sì ni mo ní. Bí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò báyìí, nóòdù, àwọn àmì kékeré tó di ìlà mú, á ti bo ìlà bí èèrà tó rí ṣúgà, etí agbádá á wá rí págunpàgun. Onípúlọ́tà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé fínáìlì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, tí mo gbé e lọ bá ní Ṣómólú kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ọ̀bẹ ẹ̀rọ òun á máa ta gìrì lórí gbogbo rẹ̀, fínáìlì á sì ya. Ṣé kí n pa á rẹ́ kí n fi Pen lásán, èyí tí à ń tẹ nóòdù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tún un yà ni? Sátidé ni wọ́n ń gba aṣọ o.

Àrẹ̀mú Púlọ́tà:
Àbúrò, má pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mú Freeform Pen, wo òkè, tẹ àmì gíà kékeré yẹn, wàá rí Curve Fit. 0.5 ló kéré jù, 10 ló ga jù. Bó bá ṣe ń ga sí i ni nóòdù ń dín kù. Ìlà tó o ti yà tẹ́lẹ̀ kò ní yí padà ṣá, èyí tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ló máa gbọ́ràn. Èmi a máa fi í sí 5 tàbí 6 fún aṣọ. Ní 10, ó lè jẹ igun akẹtẹ̀ rẹ dànù.

Àmọ́ ta ló ní kó o fi ọwọ́ lásán fa ọ̀pámbàtà? Ohun tó gùn gbọọrọ! Pen ni, tẹ igun kọ̀ọ̀kan, ó parí. Etí akẹtẹ̀ náà, Pen ni: nóòdù lápá ọ̀tún, lápá òsì, lókè, nísàlẹ̀, kó o wá fa apá wọn, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó yọ lára nóòdù, títí ìlà yóò fi tẹ̀ dáadáa. Pierre Bézier tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe irú ìlà yẹn, Renault ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Faransé, ara mọ́tò ló ń fi yà. Ohun tó ya bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣé akẹtẹ̀ ló máa bà á lẹ́rù?

Abẹ́ apá, níbi tí agbádá ti ń ṣẹ́ po, ibẹ̀ gan-an ni Freeform ti wúlò. Bó o bá fi Pen yà á, aṣọ á le gbagidi. Fi gbogbo apá fa máòsì, má fi ọrùn ọwọ́ nìkan, má sì kánjú.

Ìyá Stíkà, Múṣin:
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́. Tí onípúlọ́tà yín bá ń lo CorelDRAW, ètò ìyàwòrán mìíràn, bíi tiwa, nínú Photoshop yín ẹ lọ sí File, Export, Paths to Illustrator, kí ẹ gbé fáìlì yẹn fún un. Ìlà nìkan ló máa bá a lọ o, kò ní gbé àwọ̀. Fínáìlì tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ sì rèé, ẹ ní kó yí i sódì kó tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pámbàtà á bọ́ sọ́wọ́ òdì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo fi í sí 6, agbádá ti dán. Nóòdù kan ṣì yọ gọnbọ létí akẹtẹ̀, ṣé kí n tẹ Delete?

Àrẹ̀mú Púlọ́tà:
Rárá o! Delete á gé ìlà tó so mọ́ ọn pẹ̀lú. Mú Pen, jẹ́ kí Auto Add/Delete tó wà lókè wà ní títàn, kó o fi Pen tẹ nóòdù yẹn lẹ́ẹ̀kan. Òun nìkan ló máa lọ.