Kí ló ń há nínú orúnkún àwọn tó ń ha ìpẹ́ ẹja l'Ólúwo?

ỌmọẸ̀pẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Àwọn ìyá tó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́jà Olúwo níbí l'Ẹ̀pẹ́, orí àpótí kúkúrú ni wọ́n ń jókòó, orúnkún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ dìde, orúnkún á há, kò ní nà. Ṣé eegun ló yẹ̀ ni, àbí làkúrègbé?

Físíò_Ìkòròdú: Eegun kọ́ ló yẹ̀. Ìdí eegun itan rí roboto, orí eegun ojúgun sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí èyí má baà yọ̀ lórí ìyẹn, kèrékèré méjì wà láàárín wọn, wọ́n tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, wọ́n nípọn létí, wọ́n fẹ́lẹ́ níkùn. Meniscus ni dókítà ń pè é.

Bí orúnkún bá nà tán, kò lè yí. Bó bá ká, ó ń yí díẹ̀, ibẹ̀ ni wàhálà wà: ẹni tó lóṣòó, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan, tó wá yí ara gbé abọ́ ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eegun méjèèjì á lọ kèrékèré náà ya. Èyí tó wà lápá ibi tí orúnkún méjèèjì ti kọjú síra ló sábà ń ya, torí ó lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀gbẹ́, kò ráyè yẹ̀ fún ẹrù. Bí ibi tó ya bá ṣẹ́ sáàárín eegun, ó di òkúta tó há sábẹ́ ilẹ̀kùn.

ỌmọẸ̀pẹ́: Ṣé kí wọ́n kúkú fà á nà?

Oríkèé: Háà, rárá o! Fífà lè mú un ya sí i. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: kó dùbúlẹ̀, kó fi gìgísẹ̀ méjèèjì lé ìrọ̀rí. Bí ọ̀kan bá ká kò tí kò lè nà dé ibi tí èkejì nà dé, há ni lóòótọ́, dókítà eegun ló kàn. X-ray kì í fi kèrékèré hàn, MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara) ni. Àmọ́ bó bá kàn le lẹ́yìn ìjókòó, tó sì tú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ làkúrègbé.

Ẹ wo wíwú náà. Èyí tó wú láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn tó yí, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, bóyá iṣan àárín orúnkún ló já. Ti kèrékèré máa ń pẹ́ dọjọ́ kejì. Yìnyín kò kúkú wọ́n lọ́jà ẹja: ẹ fi aṣọ wé e, ìṣẹ́jú 15, ó tó.

Físíò_Ìkòròdú: Kí n fi kún un: etí òde kèrékèré náà nìkan ni ẹ̀jẹ̀ ń dé dáadáa, ibẹ̀ lè san. Bó bá ya níkùn, kì í sábà jiná fúnra rẹ̀. Fún àwọn tí tiwọn kò tíì há, kí wọ́n pààrọ̀ àpótí yẹn sí èyí tó ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì gbé abọ́ ẹja síwájú, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́.